Màmá, Ẹ Má Tíì Da Aṣọ Bo Ẹ̀rọ Yétúndé

Màmá mi àtàtà, ẹ̀yin àti Bàbá, ẹ kú ilé o. Ẹ kú àárò wa, ẹ kú àdúrà, ẹ kú ìmúra ọyẹ́ tó ń bọ̀ lọ́nà. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti inú yàrá mi ní ìlú Leeds níbí, lórí kápẹ́ẹ̀tì tó tutù débi pé orúnkún mi mọ̀ pé kì í ṣe pálọ̀ wa ní Ìjẹ̀bú-Òde ni mo kúnlẹ̀ sí. Bàbá, ẹ̀yìn yín ń kọ́? Ṣé ẹ ti ń fi ìpara tí mo fi ránṣẹ́ pa á, àbí ó ṣì wà nínú páálí rẹ̀, tí ẹ ń tọ́jú rẹ̀ de ọjọ́ tí ẹ̀yìn yóò dùn yín ju báyìí lọ? Yétúndé, àbúrò mi, mo kí ìwọ náà. Má sá wọ yàrá o, jókòó, ọ̀rọ̀ rẹ ni.

Ẹ má bínú pé inú ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ àwa ọmọ Ìjẹ̀bú tó wà níhìn-ín ni ẹ ti ń ka lẹ́tà yìí. Mo mọ̀ yín, Màmá. Lẹ́tà tí mo bá kọ sí yín, ẹ ó kà á, ẹ ó ká a, ó di abẹ́ ìrọ̀rí, kò sí ẹni tí yóò gbọ́ ohun tó wà nínú rẹ̀ àfi èyí tí ẹ bá fẹ́ kó gbọ́. Eléyìí, mo fẹ́ kí Bàbá kà á sókè ní pálọ̀ létí gbogbo ilé. Ẹ̀yin òǹkàwé yòókù tí ọ̀rọ̀ yìí kò kàn, ẹ dákun, ẹ bá wa jókòó. Ẹ̀yin náà ṣáà ní ìyá nílé.

Ara mi le, mo dúpẹ́. Òtútù ti bẹ̀rẹ̀. Ilẹ̀ ń ṣú ní ìrọ̀lẹ́ kí ènìyàn tó mọ̀ pé ọ̀sán ti kọjá, ẹ ó sì rí àwọn ọmọ tí wọ́n ń ti ilé-ìwé bọ̀ nínú òkùnkùn bí ẹni ń ti ìṣọ́ òru bọ̀. Ibi iṣẹ́ mi ṣì ni ṣọ́ọ̀bù tí a ti ń tún kọ̀ǹpútà ṣe. Èmi nìkan ni obìnrin níbẹ̀, èmi nìkan náà ni aláwọ̀ dúdú, nítorí náà kò sí ẹni tó lè ṣi orúkọ mi gbé fún ẹlòmíì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ẹni tó lè pè é. Òtútù kọ́ ló ń ṣe mí jù, ìdákẹ́jẹ́ ni. Bí mo bá dé tí mo ti ilẹ̀kùn, kò sí ẹni tí yóò ké láti ẹ̀yìnkùlé pé ta nìyẹn. Ìyá onílé mi, ará Jamaica kan tó ti pẹ́ níbí, ń gbìyànjú gan-an. Bó bá se ìrẹsì àti ẹ̀wà, á bu tèmi sórí àtẹ̀gùn. Mo máa ń jẹ ẹ́, mo sì máa ń dúpẹ́, àmọ́ ó ṣe mí bíi kó jẹ́ ìkọ́kọrẹ́.

Ó yá, ẹ jẹ́ kí n bọ́ sórí ohun tí mo torí ẹ̀ kọ̀wé.

Nígbà òjò tó kọjá, Màmá, ẹ kọ̀wé sí mi pé Yétúndé ti rí àyè gbà sí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ní Ijagun. Ẹ ní inú Bàbá dùn, inú tiyín náà dùn, àmọ́ pé kò lè lọ. Ẹ ní ta ni yóò jí sí i lóru bí ásímà rẹ̀ bá gbé e dìde? Ta ni yóò ti fèrèsé bí atẹ́gùn bá ń fẹ́? Ṣé àwọn ọmọ ilé-ìwé tí oorun wọn kì í jẹ́ kí wọ́n gbọ́ agogo ni? Ẹ wá ní kí n bá yín wá nǹkan sí i. Yétúndé ti rí ẹ̀rọ eré tí àwọn ọmọ Dókítà àdúgbò wa so mọ́ tẹlifíṣọ̀n wọn, ó ti na gbogbo wọn nínú eré náà, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ló sì kún ẹnu rẹ̀. Ẹ ní bí mo bá lè rí kọ̀ǹpútà kan fún un, tó lè fi ṣeré, tó tún lè fi kọ́ṣẹ́, yóò jókòó tì í nílé, ọkàn rẹ̀ yóò sì kúrò ní Ijagun.

Mo gbà láìjanpata. Mo rántí àwọn òru wọ̀nyẹn. Ẹ ó gbé Yétúndé lé àyà, ẹ ó ti gbogbo fèrèsé, ẹ ó fi aṣọ dí abẹ́ ilẹ̀kùn, ẹ ó wá mú abẹ̀bẹ̀, ẹ ó máa fẹ́ ẹ títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Kì í rẹ ọwọ́ yín. Nítorí ọwọ́ yẹn ni mo ṣe sọ pé iṣẹ́ tí ẹ bá rán mi lórí Yétúndé, mo ti jẹ́ ẹ tán.

Ríra kọ́ ni mo ra ẹ̀rọ náà o. Èyí tí wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù wa kọjá agbára mi, ẹ sì mọ ohun tí owó oṣù mi ń ṣe kó tó dé ọ̀dọ̀ yín. Ọ̀gá mi ló fún mi láyè pé kí n máa ṣa nínú àwọn ẹ̀rọ tí oníbàárà gbé wá tí wọn kò padà wá mú. Mo rí àpótí irin lára ọ̀kan, mo rí bọ́ọ̀dù tí ọpọlọ ẹ̀rọ máa ń wà lórí rẹ̀ lára òmíràn, mo rí kíbọ́ọ̀dù kan tí ojú bọ́tìnnì rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa tán. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ọjọ́ tí mo so wọn pọ̀ tí ojú rẹ̀ tàn, mo jó nínú yàrá débi pé ìyá onílé fi igi ìgbálẹ̀ kan àjà ìsàlẹ̀ pé ṣé kò sí.

Àmọ́ kọ̀ǹpútà máa ń gbóná, Màmá. Kò sí bó ṣe kéré tó, bó bá ti ń ṣiṣẹ́, ooru ń jáde lára rẹ̀, bí ooru náà kò bá sì rí ọ̀nà lọ, ọpọlọ rẹ̀ yóò dàrú. Ìdí nìyí tí wọ́n fi máa ń fi fáànù kékeré kan sẹ́yìn rẹ̀ kó máa fa ooru síta. Ẹyọ kan yẹn tó fún ilẹ̀ yìí. Èmi gan-an, ní àárọ̀, mo máa ń na ọwọ́ sẹ́yìn rẹ̀ láti yáná. Ṣùgbọ́n ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ẹ̀rọ tó ń bọ̀ wá gbé ilé wa, níbi tí òrùn ti máa ń gun páànù láti àárọ̀ títí ìrọ̀lẹ́ kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, kò lè máa mí bí ẹ̀rọ Leeds.

Mo wá ra fáànù kejì, mo fi sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àkọ́kọ́ lẹ́yìn, àwọn méjèèjì ń fa afẹ́fẹ́ jáde. Mo rò pé mo gbọ́n. Ọ̀gá mi wò ó, ó rẹ́rìn-ín, ó bi mí pé ibo ni afẹ́fẹ́ tí wọ́n ń fà jáde yẹn ń gbà wọlé. Mi ò ṣí ẹnu ọ̀nà kankan fún un, nítorí náà gbogbo ihò ló ń gbà: ojú ibi tí à ń ti díìsì bọ̀, etí àpótí tí ìdè rẹ̀ kò ti mú dáadáa, ibi gbogbo. Mo rántí eruku pupa iwájú ilé wa lásìkò ọyẹ́, èyí tó máa ń bà lórí ìjókòó kí ẹni tó nù ún tó dìde. Mo mọ̀ pé bí mo bá gbé ẹ̀rọ yẹn wálé bẹ́ẹ̀, yóò mu eruku yó kí ọdún tó yípo.

Àárín ìgbà yẹn ni Bọ̀dá Káyọ̀dé dé láti ilé. Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ̀gbọ́n wa ni Bọ̀dá Káyọ̀dé, ọmọ ẹ̀gbọ́n Bàbá, tí iṣẹ́ òwò rẹ̀ ń gbé lọ gbé bọ̀ láàárín ilé àti ibí. Ó kó gààrí Ìjẹ̀bú dé fún mi, olóòórùn kíkan gidi, mo sì fi omi tútù mu ún lójú ẹsẹ̀ láìka òtútù sí. Lábẹ́ gààrí náà ni mo ti rí ohun tí ẹ fi ránṣẹ́, Màmá: aṣọ òwú funfun tí ẹ fi abẹ́rẹ́ oníkọ́ hun, òdòdó lórí òdòdó, etí rẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́, tí ẹ ní kí n fi wọn ẹ̀rọ náà wò bóyá yóò bò ó dé ẹsẹ̀. Ó bò ó dé ẹsẹ̀, ó tún wọ́ nílẹ̀. Ó hàn pé tẹlifíṣọ̀n ilé wa ni ẹ fi wọ̀n ọ́n.

Mo rẹ́rìn-ín, mo sì fi aṣọ náà bojú, nítorí òórùn àpótí aṣọ yín ṣì wà lára rẹ̀. Nílé wa, ohun tí ẹ bá fẹ́ràn ni ẹ ń da aṣọ bò. Tẹlifíṣọ̀n ní tirẹ̀, rédíò ní tirẹ̀, fíríìjì ní ti orí àti ti ọwọ́ ilẹ̀kùn. Fáànù orí tábìlì pàápàá ní aṣọ, fáànù tó yẹ kó máa fẹ́ sí wa lára, ó di ìgbà tí àlejò bá dé kí ẹ tó ṣí i lórí. Yétúndé máa ń sọ pé ọpẹ́lọpẹ́ pé àwa tètè dàgbà, ẹ̀ bá ti hun tiwa.

Ẹ foríjì mí, mo tú òwú díẹ̀ ní etí rẹ̀. Mo so ó mọ́ orí pẹ́ńsù, mo ń gbé e yí gbogbo ara àpótí náà ká nígbà tí ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́. Gbogbo ibi tí ihò wà ló ti ń fa òwú náà wọlé, gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá mi ti wí. Ni mo bá yí gbogbo ètò náà padà. Mo gé ojú àpótí ní ìsàlẹ̀ níwájú, mo fi fáànù ńlá kan síbẹ̀ tí ń fẹ́ afẹ́fẹ́ tútù wọlé. Mo fi kékeré sílẹ̀ lókè lẹ́yìn, kó máa ti ooru jáde, nítorí òkè ni ooru máa ń lọ, kò yẹ ká máa bá a jà lójú ọ̀nà. Èyí tó ń wọlé wá pọ̀ ju èyí tó ń jáde lọ, nítorí náà inú àpótí kún, afẹ́fẹ́ sì ń tú jáde ní gbogbo ihò. Nígbà tí mo tún gbé òwú yín débẹ̀, gbogbo ihò ló ń lé e sẹ́yìn. Eruku kò lè wọ ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń jáde.

Ó wá ku ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo, ìyẹn iwájú. Mo wá aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ funfun, irú èyí tí ẹ fi ń sẹ́ ògì, mo nà án sórí igi pẹlẹbẹ mẹ́rin, mo kì í bọ ẹnu fáànù náà. Asẹ́ tó ń dá èérí ọkà dúró yóò dá eruku dúró. Ó ṣeé yọ, ó ṣeé fọ̀, ó ṣeé sá sórí okùn pẹ̀lú aṣọ ilé. Iṣẹ́ yín nìyẹn o, Màmá, mo ti yàn án fún yín.

Ó kù kí n dán an wò nínú ooru, ibo ni mo sì ti fẹ́ rí ooru? Ilé yìí ní kọ́bọ́ọ̀dù kan lókè àtẹ̀gùn tí àgbá omi gbígbóná wà nínú rẹ̀, ibẹ̀ ni ìyá onílé máa ń sá aṣọ ìnura sí. Bí ẹ bá ki orí bọ̀ ọ́, ẹ ó rò pé ẹ wà ní Ìtorò nílé lọ́sàn-án gangan. Mo tọrọ ààyè lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọjọ́ Sátidé kan, mo gbé ẹ̀rọ síbẹ̀, mo ti ilẹ̀kùn débi tí wáyà kọjá, mo so ó mọ́ tẹlifíṣọ̀n kékeré kan, mo jókòó sórí àtẹ̀gùn pẹ̀lú kíbọ́ọ̀dù lórí ẹsẹ̀, mo ń ṣe eré kan tí ọkọ̀ kékeré ti ń sáré lójú títì. Ìyá onílé kọjá, ó wò mí, ó ní ṣé irú ẹni tí òun gbà sílé nìyí. Mo ṣe eré náà títí ojú fi ń ta mí. Ẹ̀rọ kò bú, kò ṣàìsàn.

Lẹ́yìn náà ni mo ní kí n bu ọlá fún yín. Mo fà á jáde, mo da aṣọ yín bò ó, mo ṣètò etí rẹ̀ dáadáa kí òdòdó kọjú síta, mo tún gbé e padà. Ó rẹwà. Mo bẹ̀rẹ̀ eré náà lákọ̀tun. Kò pẹ́ tí ọkọ̀ náà fi dúró sí àárín títì, kò lọ kò bọ̀, ojú tẹlifíṣọ̀n sì kún fún ìlà wuuruwu. Mo ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, mo fọwọ́ kan orí àpótí náà, ó ta mí.

Ohun tó dùn mí níbẹ̀ ni pé àwọn fáànù náà kò dúró. Wọ́n ń yí, wọ́n ń ké, wọ́n ń ṣe gbogbo ohun tí agbára wọn gbé. Afẹ́fẹ́ gbígbóná kan náà ni wọ́n ń fẹ́ kiri lábẹ́ aṣọ. Mo dúró níwájú kọ́bọ́ọ̀dù yẹn, ẹ̀yin ni mo rí, Màmá, ẹ̀yin pẹ̀lú abẹ̀bẹ̀ nínú yàrá tí ẹ ti dí pa, tí ẹ ń fẹ́ Yétúndé. Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn, mo sunkún. Kì í ṣe pé mo bínú sí yín. Mo rí i pé kò sí ẹni tó ṣiṣẹ́ tó yín láyé yìí.

Mo ká aṣọ kúrò, mo jẹ́ kó tutù, ó tún jí. Ọlọ́run ṣeun.

Mo wá fẹ́ mọ bí yàrá tó máa gbé ṣe rí kí n tó mọ bí màá ṣe de àwọn fáànù náà pa. Ẹ rántí pé mo pe ilé Dókítà lórí tẹlifóònù. Mo ní kí Yétúndé ṣáná níbi tí a fẹ́ gbé ẹ̀rọ náà sí, kó pa á, kó wo ibi tí èéfín rẹ̀ bá gbà. Nígbà tí mo tún pè, ẹ wà níbẹ̀, ẹ jókòó tì í, mo gbọ́ tí ẹ ń bá ìyàwó Dókítà sọ̀rọ̀ iyán. Yétúndé ní ní yàrá kìíní, èéfín náà lọ tààrà sókè, ó dé àjà, ó dúró síbẹ̀ bí àlejò tí kò fẹ́ lọ. Ó ní ní yàrá kejì, èéfín kò tilẹ̀ dúró kí òun wò ó dáadáa. Ó tẹ̀ lọ́tùn-ún, ó gba òkè bẹ́ẹ̀dì, ó bá fèrèsé ẹ̀yìn jáde sí ìdí igi kajú.

Mo ronú títí. Mo bi í pé láti ìgbà wo ni igi kajú ti wà lẹ́yìn ilé wa. Mo bi í bóyá Ijagun ni. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, Sista. Mo bi í bóyá ẹ mọ̀. Ó ní rárá, Sista. Mo bi í bóyá àyà rẹ̀ dí lọ́nà, ó tún ní rárá, èyí sì le ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ẹ̀yin náà gbọ́ ọ, Màmá, nítorí ẹ bi í lójú ẹsẹ̀ pé kí ló dé tó ń jágbe mọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ.

Òun ló kọ̀wé sí mi lẹ́yìn náà pé kí n sọ ọ́, pé ẹnu òun kò gbà á. Ọjọ́ kan tí ẹ rò pé ó wà níbi ìdánrawò orin ní ṣọ́ọ̀ṣì ló wọ takisí lọ sí Ijagun. Ó sọ̀ ní gèètì, ó fẹsẹ̀ rìn wọ inú lọ. Akẹ́kọ̀ọ́ kan tí kò mọ̀ ọ́n rí ló ṣí yàrá rẹ̀ fún un, ó sì dúró tì í tó ń ṣáná tó ń wo èéfín, kò bi í léèrè ju pé ṣé ó fẹ́ mu omi. Yétúndé tún fẹsẹ̀ rìn padà dé títì. Oògùn tó máa ń fà sí ọ̀fun wà lápò rẹ̀, kò yọ ọ́. Ó délé, ó bá yín lẹ́nu ọ̀nà tí ẹ ń ti fèrèsé, ẹ sì ní kó tètè wọlé kí atẹ́gùn má baà mú un.

Ẹ má nà án, ẹ má bínú sí i. Bí ẹ bá fẹ́ bínú, ẹ bínú sí mi, mo jìnnà, ìbínú yóò ti tutù kó tó dé. Mi ò sọ pé ásímà kì í ṣe nǹkan. Ẹ lọ bi Dókítà, ẹ lọ rí obìnrin tó ń bójú tó ilé àwọn ọmọbìnrin níbẹ̀, kí ẹ sọ gbogbo ohun tí ẹ mọ̀ fún un. Bí ẹ bá fẹ́, ẹ lọ máa wo Yétúndé ní gbogbo ọjọ́ ìsinmi. Ijagun kì í ṣe Leeds. Ọbẹ̀ tí ẹ bá sọ̀ kalẹ̀ nílé kò ní tutù kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ohun tí mò ń bẹ̀ yín fún kò ju pé kó lọ bí wọ́n bá wọlé lẹ́yìn Kérésìmesì. Wọn kò ní fi àyè náà dè é títí láé.

A ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a máa ń fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ẹ rán mi pé kí n wá ohun tí yóò mú Yétúndé jókòó sílé. Mo kan ẹ̀rọ náà, mo sì fi ọwọ́ irin sí orí rẹ̀, èyí tó ṣeé gbá mú dáadáa láti fi gbé e rìn. Kò sí ẹ̀rọ kankan ní ṣọ́ọ̀bù wa tó ní irú rẹ̀. Ọ̀gá mi bi mí pé kí ni mo fẹ́ fi ọwọ́ ṣe lórí ohun tí yóò jókòó ní pálọ̀. Mo ní àbúrò mi ń lọ sílé-ìwé.

Bọ̀dá Káyọ̀dé yóò gbé e wálé ní Kérésìmesì. Ẹ má gbàgbé sítébíláísà, ẹ má so ó mọ́ iná lásán. Kí Yétúndé máa yọ asẹ́ iwájú rẹ̀ wá fún yín ní gbogbo ìgbà tó bá wálé, kí ẹ bá a fọ̀ ọ́ bí ẹ ti ń fọ asẹ́ ògì, ẹ má fún un, ẹ kàn gbọ̀n ọ́n. Ẹ má fi ẹ̀yìn rẹ̀ ti ògiri. Bí ó bá ń ṣiṣẹ́, ẹ má da nǹkankan bò ó, kódà bí Bíṣọ́ọ̀bù bá wá kí yín.

Ní ti aṣọ yín, mo ti hun etí tí mo tú padà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ ó mọ ibi tí ọwọ́ mi dé. Òun ni mo fi wé ẹ̀rọ náà nínú páálí. Màmá, ẹ rántí ọjọ́ tí mo ń lọ. Ẹ bọ́ ìborùn ọrùn yín, ẹ fi wé mi, ẹ dì í mú títí mo fi rò pé ẹ ti yí ọkàn padà. Lẹ́yìn náà ni ẹ fi ọwọ́ méjèèjì tì mí lẹ́yìn pé kí n máa lọ. Ìborùn yẹn ṣì wà lọ́rùn mi bí mo ti ń kọ̀wé yìí. Bí ẹ bá tú páálí náà, ẹ mú aṣọ òwú yín. Ọyẹ́ yóò mú láàárọ̀ ọjọ́ tí Yétúndé bá ń lọ sí Ijagun. Ẹ fi bò ó léjìká bí ẹ ti bò mí, kí ẹ wá fọwọ́ tì í lẹ́yìn díẹ̀.

Ẹ bá mi kí Ìyá Àgbà ní Ìmùṣin, ẹ sọ pé mò ń jẹun. Ẹ kí Dókítà àti ìyàwó rẹ̀ fún tẹlifóònù wọn, ẹ kí gbogbo ará ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ kí àwọn akọrin, ẹ má sì bi wọ́n léèrè ẹni tí kò wá sí ìdánrawò. Bàbá, ẹ ṣeun tí ẹ kà á dé ìparí, ẹ lọ mu omi. Ọlọ́run yóò dá ẹ̀mí yín sí fún wa. Ẹ kò ní sunkún ọmọ, afẹ́fẹ́ àlàáfíà yóò máa fẹ́ wọ ilé wa, ibi gbogbo tí ọmọ yín bá dé, wọn yóò rí ẹni ṣílẹ̀kùn fún wọn, wọn yóò sì rí ọ̀nà padà wálé.

Èmi ni, lábẹ́ ìborùn yín,
ọmọ yín,
Fọláṣadé.